Ohun tí kì í jẹ́ kí ọtí bàjẹ́: ohun tí mo kọ́ láàárín ẹmu Bàámi àti ọtí àjàrà etí odò Douro

Iṣẹ́ ẹmu dídá ni Bàámi fi tọ́ wa dàgbà ní abúlé kan lẹ́bàá Òkìtìpupa, níbi tí ilẹ̀ gbígbẹ ti ń parí tí àbàtà sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pẹ ni wọ́n ń gùn lórí ilẹ̀ gbígbẹ, inú àbàtà ni wọ́n sì ti ń dá ògùrọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni wọ́n ti máa ń padà dé pẹ̀lú igbà ní èjìká àti akèrègbè lọ́wọ́, ìwọ̀nba tí wọ́n bá sì bù fún àwa ọmọ ní àkókò náà máa ń dùn bí omi ìrèké. Tí ó bá di ọ̀sán, ẹmu yẹn kan náà ti ń hó yàà, ó ti ń ta lẹ́nu. Tí ó bá di alẹ́, ó ti di ti àgbàlagbà. Ní ọjọ́ kejì, ó ti kan, kò sì sí ẹni tí yóò rà á mọ́ àfi àwọn tó ń pọn ògógóró. Ohun tí Bàámi máa ń sọ fún oníbàárà tó bá pẹ́ dé ni pé, "Ẹmu kì í dúró de ọba."

Mo dàgbà pẹ̀lú èrò pé bí gbogbo ọtí ṣe rí nìyẹn. Nígbà tí mo wá dé Lọ́ńdọ̀nù, tí mo rí iṣẹ́ sí ilé ìtajà kan tó jẹ́ pé ọtí àjàrà nìkan ni wọ́n ń tà, ọ̀gá mi, obìnrin kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, mú mi lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀ níbi tí wọ́n ń kó ìgò sí, wọ́n sì fa ìgò dúdú kan yọ. Eruku ti bò ó, ọdún tí wọ́n kọ sí i lára sì ni 1977. Ọtí Port ni, láti orílẹ̀-èdè Pọ́túgà. Mo bi wọ́n bóyá fún ìrántí ni wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Wọ́n ní rárá, mímu ni, àti pé kò tíì sí ohun tó ṣe é. Ọtí náà jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Ìbéèrè tí mo gbé lọ sílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn mi: kí ni ohun tí kì í jẹ́ kí ọtí bàjẹ́? Gbogbo ohun tí mo ti kọ́ nípa ọtí àjàrà láti ìgbà náà, ìbáà ṣe nínú ìwé, nínú ọgbà àjàrà tàbí nídìí tábìlì àlejò, ìbéèrè yìí ni mo tẹ̀ lé dé ibẹ̀.

Mo ti rí apá kan ìdáhùn náà kí n tó kúrò nílé, àmọ́ n kò mọ̀ pé òun ni mo rí. Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ gíga, wọ́n ní kí n gbé kẹ́ẹ̀gì ẹmu kan lọ sí Èkó fún ìkómọjáde ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. N kò fẹ́ kí ẹmu náà dà nù lọ́nà, mo bá dé ọmọrí rẹ̀ pinpin, mo sì tún fi ọ̀rá wé e. A ò tíì dé Ọ̀rẹ̀ tí ara kẹ́ẹ̀gì náà ti le gbandi bí ìlù. Nígbà tí a kọjá Ìjẹ̀bú-Òde, ọmọrí náà ta dànù pẹ̀lú ariwo bí ìró ìbọn, ẹmu sì fọ́n sí gbogbo èrò inú ọkọ̀ lára. Ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó tì mí nu ojú wọn, wọ́n sì sọ fún mi pẹ̀lú sùúrù pé, "Ọmọ mi, wọn kì í dé ẹmu pa. Ohun tó ń mí ni."

Òótọ́ pọ́ńbélé ni ìyá náà sọ. Ohun tó ń mí nínú ẹmu ni ìwúkàrà, ẹ̀dá ẹlẹ́mìí tín-ín-rín tí ojú lásán kò lè rí, èyí tí àwọn aṣebúrẹ́dì ń pè ní yíìsì. Ṣúgà ni oúnjẹ rẹ̀. Bó bá ti ń jẹ ẹ́ ló ń sọ ọ́ di álíkóhóòlù àti afẹ́fẹ́ carbon dioxide. Afẹ́fẹ́ yìí ló ń mú kí ẹmu hó, òun náà ló sì ta ọmọrí kẹ́ẹ̀gì mi. Èyí tó máa ń ṣiṣẹ́ jù lọ láàárín wọn ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní Saccharomyces cerevisiae, orúkọ kan náà ló sì ń jẹ́ nínú akèrègbè Bàámi àti nínú àgbá ọtí ní ilẹ̀ Faransé. Ní alẹ́ ọjọ́ tí olùkọ́ sọ èyí fún wa ní kíláàsì tí mo ń lọ lẹ́yìn iṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀, nítorí pé ṣáájú ọjọ́ náà, mo ti ń jókòó ní kíláàsì yẹn bí ẹni tó wá kọ́ iṣẹ́ àjèjì.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ wà nínú omi tí ìwúkàrà náà bá ara rẹ̀. Omi ọ̀pẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kán kì í kan rárá. pH rẹ̀, òṣùwọ̀n tó jẹ́ pé bó bá ṣe kéré sí 7 tó ni nǹkan ṣe kan tó, kò jìnnà sí 7, bíi ti omi lásán, ṣúgà inú rẹ̀ sì máa ń tó ìdá 10 sí 12 nínú ọgọ́rùn-ún. Níbi tó bá rọrùn tó báyìí, kì í ṣe ìwúkàrà nìkan ni yóò wá gbé ibẹ̀. Àwọn bakitéríà náà yóò dé: Zymomonas tí òun náà ń sọ ṣúgà di ọtí, irú àwọn tó ń mú kí omi ògì kan, àti àwọn tó ń dúró kí álíkóhóòlù wà nílẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ di fínígà. Láàárín wákàtí díẹ̀, álíkóhóòlù inú ẹmu lè ti tó ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ọjọ́ kejì sì tó pé, kíkan ti gba gbogbo rẹ̀. Mo wá mọ ìdí tí Bàámi kì í fi fọ akèrègbè wọn mọ́ tónítóní: gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹmu àná tó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló ń fún ẹmu òní ní ìwúkàrà.

Omi àjàrà kò rí bẹ́ẹ̀. Kíkan ti wà nínú rẹ̀ láti inú èso, pH rẹ̀ sì sábà máa ń wà láàárín 3 àti 4, ibi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ bakitéríà kò lè gbé. Ṣúgà rẹ̀ tó ìlọ́po méjì ti ẹmu. Nǹkan bíi gíráàmù 17 ṣúgà nínú lítà kan ló ń di ìdá 1 álíkóhóòlù, nítorí náà àjàrà tó bá ní gíráàmù 220 nínú lítà kan yóò di ọtí tó tó ìdá 13, èyí tó pọ̀ ju ohun tí ẹmu lè dé kí ó tó kan. Ohun mìíràn tún wà nínú èèpo àti kóró èso náà. Ẹni tó bá ti jẹ obì rí mọ bí ẹnu ṣe máa ń gbẹ tí ahọ́n sì máa ń há lẹ́yìn rẹ̀. Tánnínì ni wọ́n ń pe ohun tó ń fa èyí, ó wà nínú èèpo àjàrà pẹ̀lú àwọ̀ pupa, ó sì wà lára àwọn ohun tó ń jẹ́ kí ọtí pupa lè pẹ́ nílẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ àjàrà dúdú tí wọ́n fi ń ṣe Port, omi rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àwọ̀. Ara èèpo ni pupa náà ti ń wá. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìgò, kọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń dí ẹnu rẹ̀, àti ìwọ̀nba sulphur dioxide tí wọ́n ń fi sí i, èyí tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ àti kòkòrò rí ọtí náà mú.

Mo lè fi ìwé nìkan ṣe é kí n sì máa ta ọjà mi lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹni tó gun ọ̀pẹ ni mí, n kò sì gbà pé ènìyàn lè mọ ọtí tí kò bá mọ igi rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, mo gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo wọ bàálù lọ sí ìlú Porto, mo sì wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń tọ etí odò Douro lọ sí òkè títí dé Pinhão, láti lọ bá wọn kórè.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé n kò rí ilẹ̀ níbẹ̀. Òkúta ni, òkúta aláwọ̀ eérú tó ń là pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ bí ìwé, tí wọ́n ń pè ní schist. Àwọn baba ńlá wọn ló fi ọwọ́ gé ara òkè náà ní àgékà bí àtẹ̀gùn, tí wọ́n sì fi òkúta tí kò ní sìmẹ́ǹtì mọ ògiri dí ìpele kọ̀ọ̀kan. Igi àjàrà ń wá omi gba àárín òkúta tó là náà wọ ilẹ̀ lọ jìnnà. Ooru ibẹ̀ máa ń kọjá ìwọ̀n 40 lójú Celsius ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ará ibẹ̀ sì máa ń sọ pé oṣù mẹ́sàn-án òtútù àti oṣù mẹ́ta ọ̀run àpáàdì ni Ọlọ́run fún àwọn. Àjàrà tó ń so lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń kéré, èèpo rẹ̀ máa ń nípọn, omi rẹ̀ sì máa ń ki. Bàámi náà máa ń sọ pé ẹmu ọ̀pẹ orí òkè kì í ṣe ẹgbẹ́ ògùrọ̀ inú àbàtà, pé ẹni tó bá ní ahọ́n kò ní ṣì wọ́n mú, ṣùgbọ́n n kò ka ọ̀rọ̀ náà sí nígbà tí mo wà ní kékeré.

Láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni a fi ń gé èso. Ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú ni iṣẹ́ tí mo tìtorí rẹ̀ wá tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ọpọ́n ńlá onígun mẹ́rin kan tí wọ́n fi òkúta gírànáìtì ṣe, tí wọ́n ń pè ní lagar, tí àjàrà inú rẹ̀ mù wá dé itan. A tò sí ìlà ìlà, oníkálùkù gbé ọwọ́ lé èjìká ẹnì kejì rẹ̀, ọkùnrin kan sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ tó ń pe ẹsẹ̀: òsì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún. Fún wákàtí méjì gbáko, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ yà kúrò lórí ìlà. Èso náà tutù nini, èèpo rẹ̀ ń yọ̀, igi tín-ín-rín rẹ̀ sì ń ha mí ní kókósẹ̀. Mo bi ẹni tó wà lápá òsì mi nípa ìdí tí wọn kò fi lo ẹ̀rọ fún gbogbo rẹ̀, nítorí ẹ̀rọ wà níbẹ̀. Ó ní ẹsẹ̀ ènìyàn lágbára tó láti fọ́ èèpo, àmọ́ kò le tó láti fọ́ kóró, inú kóró sì ni kíkorò tí wọn kò fẹ́ wà. Nígbà tí wákàtí méjì pé, wọ́n ké pé a ti gba òmìnira, ẹnì kan gbé dùùrù àfọwọ́fà, ijó sì bẹ̀rẹ̀ nínú ọpọ́n náà.

Ní alẹ́ kejì tí mo tún wọ inú rẹ̀, omi náà ti lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ooru ń ti ìsàlẹ̀ wá, ìfófòó aláwọ̀ elésè àlùkò sì ti bo orí rẹ̀. Bí mo ṣe tẹ orí ba láti wo ẹsẹ̀ mi ni òórùn kan bù mí nímú, n kò sì lè gbé ẹsẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Òórùn àtíbàbà Bàámi ni, ní nǹkan bí agogo méjìlá ọ̀sán, nígbà tí ẹmu bá ń hó tí agbọ́n sì ń fò yí ẹnu akèrègbè ká. Igi yàtọ̀, ilẹ̀ yàtọ̀, ohun tó ń mí nínú rẹ̀ kò yàtọ̀.

Baálé ilé àgbá wọn, bàbá kan tó ti ṣe iṣẹ́ náà láti ìgbà èwe, ń bu omi náà wò ní wákàtí wákàtí, wọ́n sì ń fi ohun èlò onígíláàsì kan wọn ìwọ̀n ṣúgà tó kù. Nígbà tí ìwúkàrà ti jẹ nǹkan bí ìdajì ṣúgà náà, wọ́n pàṣẹ pé kí wọ́n ṣí i. Omi pupa náà ṣàn lọ sínú àgbá tí ohun mìíràn ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ohun tó mọ́ gaara bí omi òjò. Wọ́n fi ìka kan án, wọ́n sì nà án sí mi pé kí n gbóòórùn rẹ̀. Mo pariwo ní Yorùbá láìmọ̀ pé mo ṣe bẹ́ẹ̀: "Ògógóró nìyí!"

Ògógóró ni lóòótọ́, tí a bá wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ, ẹmu tó ti kan ni wọ́n ń sè nínú dúrọ́ọ̀mù. Álíkóhóòlù máa ń hó ní ìwọ̀n 78 lójú Celsius, kí omi tó hó, nítorí náà ooru rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń gba inú páìpù jáde, tí omi tútù yóò sì sọ ọ́ padà di ọtí líle. Ọtí àjàrà ni àwọn Pọtogí ń sè bẹ́ẹ̀, wọ́n ń pè é ní aguardente, èyí tí wọ́n sì ń lò fún Port máa ń tó ìdá 77 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú àgbá lítà 550, nǹkan bíi lítà 115 ni aguardente, lítà 435 tó kù sì ni omi àjàrà tó ń hó lọ́wọ́. Ìwúkàrà kò lè yè nínú ọtí tó le tó bẹ́ẹ̀, kíá ni yóò kú. Ṣúgà tí kò tíì jẹ tán yóò kù síbẹ̀, ìdí nìyẹn tí Port fi ń dùn. Álíkóhóòlù gbogbo rẹ̀ yóò sì wà ní nǹkan bí ìdá 20, níbi tí kòkòrò kankan kò ti lè dá a padà sí fínígà. Wọ́n dá àkókò dúró sí agogo méjìlá ọ̀sán. Ẹmu tí ìjọba amúnisìn ní kí àwa má ṣe sè, tí àwọn ọlọ́pàá ń fọ́ dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ nínú igbó, ọgbọ́n kan náà ló wà nídìí rẹ̀.

Mo rò nígbà náà pé mo ti rí ìdáhùn mi tán. Àfi ìgbà tí mo rí òpó òkúta kan lẹ́bàá ọ̀nà, tí wọ́n gbẹ́ ọ̀rọ̀ FEITORIA (orúkọ ọtí tó yẹ fún títà sí òkè òkun) sí lára, ni mo mọ̀ pé ó kù. Nígbà tí àwọn ará Ìlú Ọba àti Faransé ń bára wọn jà, tí ọtí Faransé sì wọ́n, Ìlú Ọba yíjú sí Pọ́túgà, wọ́n sì bá wọn ṣe àdéhùn Methuen ní 1703 pé owó ẹnubodè orí ọtí Pọ́túgà yóò kéré sí ti Faransé. Ọjà gbòòrò lójijì. Bó ti gbòòrò ni àwọn oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí í lú u: wọ́n ń fi èso igi kan tí wọ́n ń pè ní baga pa ọtí tí kò pọ́n ní aró, wọ́n ń da ṣúgà sí i, wọ́n sì ń kó ọtí ibòmíràn wá dà pọ̀ mọ́ ọn. Àwọn tó ń rà á ní Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ ọ́n, orúkọ ọtí náà bàjẹ́, owó rẹ̀ sì já wálẹ̀. Ní 1756, Marquês de Pombal tó ń ṣàkóso ìjọba Pọ́túgà dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ lábẹ́ àṣẹ ọba láti máa bójú tó o, ó fi òpó òkúta pààlà ibi tí wọ́n ti lè ṣe ọtí tí yóò jẹ́ orúkọ náà, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n hú igi baga kúrò ní agbègbè náà. Ìyẹn wà lára àwọn ààlà ọtí tó lọ́jọ́ lórí jù lọ láyé.

Mo dúró níwájú òpó yẹn fún ìgbà pípẹ́. Ṣáájú ìgbà náà, tí mo bá rí orúkọ agbègbè lára ìgò, Bordeaux tàbí Champagne tàbí Douro, mo máa ń rò pé ìgbéraga ni, pé wọ́n kàn fẹ́ fi gbówó lórí ni. Mo wá rí i pé ẹ̀rí ni. Ẹni tó kọ orúkọ ilẹ̀ rẹ̀ sára ìgò ti gbà pé kí wọ́n wá bá òun bí ohun tó wà nínú rẹ̀ kò bá rí bí òun ti wí. Kíkan, álíkóhóòlù àti aguardente lè dá kòkòrò dúró, àmọ́ wọn kò lè dá ọwọ́ ènìyàn dúró.

Ìyẹn ló sì dùn mí jù lọ nípa ẹmu tiwa. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, níbi ìgbéyàwó kan ní Èkó, wọ́n gbé ẹmu ka iwájú mi nínú akèrègbè tí wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Mo tọ́ ọ wò, omi ni. Omi, ṣúgà oníkẹ́míkà, àti díẹ̀ nínú ẹmu kí ó lè funfun. Mo mọ bó ṣe ń rí bẹ́ẹ̀, nítorí mo ti rí i tí kẹ́ẹ̀gì kan tó kúrò lọ́wọ́ adẹ́mu láàárọ̀ di méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò mu ún. Adẹ́mu tó fi ẹ̀mí wéwu lórí igi ni wọ́n sì ń bú pé ẹmu ayé ìsinsìnyí kò dára mọ́. Kò sí ẹni tó lè bi akèrègbè onílẹ̀kẹ̀ yẹn pé ọ̀pẹ wo ló ti wá.

Ọ̀nà láti jẹ́ kí ẹmu pẹ́ nílẹ̀ wà, kò sì jìnnà. Ní 1863, Napoleon Kẹta ọba Faransé ní kí Louis Pasteur wádìí ohun tó ń ba ọtí ilẹ̀ wọn jẹ́. Pasteur lọ ṣe iṣẹ́ náà ní Arbois, ìlú tó ti dàgbà, ó sì fi hàn pé tí wọ́n bá ta ọtí gbóná dé ìwọ̀n 50 sí 60 lójú Celsius, àwọn kòkòrò tó ń bà á jẹ́ yóò kú. Wàrà ni gbogbo ayé mọ ọgbọ́n yìí mọ́ lónìí, àmọ́ ìdí ọtí ló ti bẹ̀rẹ̀. Nípa ooru náà ni NIFOR, ilé ìwádìí lórí ọ̀pẹ tó wà nítòsí Ìlú Ìbíní, fi ń ṣe ẹmu inú ìgò. Mo ti mu ún. Kò kan, kò sì pa mí lára, ṣùgbọ́n iná ti mú lára òórùn rẹ̀ lọ. N kò fẹ́ kí gbogbo ẹmu di ti inú ìgò. Ohun tó wù mí ni pé kí èyí tí a ń mu ní tútù ní orúkọ tirẹ̀.

Àwọn ará Douro pàápàá kò fi gbogbo ìgbà fohùn ṣọ̀kan. Joseph James Forrester, oníṣòwò ará Ìlú Ọba kan tó ya àwòrán ilẹ̀ odò náà, fi ọ̀pọ̀ ọdún jà pé kí wọ́n má ṣe da aguardente sí ọtí náà mọ́, kí wọ́n jẹ́ kí àjàrà sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Odò yẹn náà ló gbé e lọ ní 1861, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi wọn dojú dé níbi ìṣàn líle Cachão da Valeira. N kò lè bá a sọ pé kí Port má sí, nítorí mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, àmọ́ ọtí tí kò ní aguardente nínú tí wọ́n ń ṣe ní àfonífojì náà lónìí jẹ́rìí sí i pé kì í ṣe òfìfo ló ń sọ.

Iṣẹ́ agbọ́tí tí mo ń ṣe báyìí ní ilé oúnjẹ kan ti fi hàn mí pé inú àṣà náà ni ìṣọ́ra ti wà. Nílé wa, ẹlẹ́mu ló ń kọ́kọ́ tọ́ ẹmu wò lójú oníbàárà kí ó tó bù ú fún un. Ní Lọ́ńdọ̀nù, díẹ̀ ni mo ń dà sínú ife ẹni tó ra ìgò, kí ó tó di pé mo bù fún àwọn yòókù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kí wọ́n lè sọ bóyá ó dùn mọ́ wọn ni. Bóyá ó ti bàjẹ́ ni à ń béèrè: nígbà mìíràn kọ́ọ̀kì máa ń ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní TCA nínú, tí yóò mú kí ọtí máa rùn bíi páálí tó tutù. Mo ti ṣe àṣìṣe tèmi náà. Tọkọtaya kan gbé ìgò Port ọlọ́jọ́ pípẹ́ wá fún ọdún kẹrìnlélógún ìgbéyàwó wọn, irú èyí tó ń lo nǹkan bí ọdún méjì péré nínú àgbá kí wọ́n tó rọ ọ́ sínú ìgò láti máa dàgbà níbẹ̀. Mo yẹ kí n gbé e nàró láti ọjọ́ tó ṣáájú, kí n sì sẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀ sínú ìgò mìíràn. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́jọ́ náà, mo kàn ṣí i, mo sì dà á. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọdún mẹ́rìnlélógún dà sínú ife wọn, ó dúdú, ó korò. Wọn kò bínú, àmọ́ ìgò náà kò ní ìkejì, ọjọ́ náà kò sì ní ìkejì. Ọmọ tí ó ti ń rí Bàámi lójoojúmọ́ tí wọ́n ń jẹ́ kí akèrègbè fara balẹ̀ kí wọ́n tó fi ọwọ́ kàn án kò yẹ kó gbàgbé.

Ní 2019, mo gbé ìgò Port kan lọ sílé fún Bàámi, irú tí wọ́n ń pè ní tawny, èyí tó ń dàgbà nínú àgbá igi títí pupa rẹ̀ yóò fi di àwọ̀ oyin. Ogún ọdún ni wọ́n kọ sí i lára. Bàámi kì í gùn mọ́, àbúrò mi ọkùnrin ló gba igbà lọ́wọ́ wọn. Mo da ọtí náà sínú ife onígíláàsì tí mo gbé wá. Wọ́n wò ó, wọ́n sì dà á padà sínú ahá wọn. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n fi í sẹ́nu fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó gbé e mì.

"Ògógóró wà nínú rẹ̀," ni ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàámi. Wọ́n ní, "Orí òkè ni igi rẹ̀ wà." Mo ní orí òkè ni. Wọ́n wá bi mí ní àbílé: ta ló dá a, apá ibo ni òkè náà kọjú sí, ṣé òkúta ni àbí yẹ̀pẹ̀, báwo ni mo ṣe mọ̀. Mo ka ohun tó wà lára ìgò náà fún wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì sọ ìtàn òpó òkúta náà fún wọn. Wọn kò sọ nǹkan kan mọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí àbúrò mi gbé ẹmu dé, Bàámi ní kí n mú bírò onínípọn tó wà nínú báàgì mi wá. Wọ́n ń pe ọ̀rọ̀, mo sì ń kọ ọ́ sára kẹ́ẹ̀gì. Mo kọ ọ́ sára ti àkọ́kọ́ pé: Ọ̀pẹ, orí òkè, ẹ̀yìn ọgbà kòkó, àárọ̀ Ọjọ́rú. Mo kọ ọ́ sára èkejì pé: Ògùrọ̀, etí odò, àárọ̀ Ọjọ́rú. Wọ́n ní kí n kà á sí wọn létí, mo kà á, wọ́n sì ní kí n fi orúkọ àbúrò mi sí i. Nígbà tí ìyá tó ń ra ẹmu lọ́wọ́ wa dé, ó tẹjú mọ́ ìwé náà, ó bèèrè ohun tó wà fún. Bàámi ní, "Kí ẹni tó bá mu ún lè mọ ẹni tí yóò bi." Ìyá náà fi omi tọ́ ìka rẹ̀, ó nu ún lára kẹ́ẹ̀gì náà lẹ́ẹ̀mejì bóyá yóò rẹ́. Kò rẹ́. Ó gbé e sórí, ó sì ń lọ.